Ìsọ̀kalẹ̀ La Fi Ń Mọ Búùtù: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Bàtà Òkè Tó Bá Ẹsẹ̀ Yín Mu

Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ l'Ábújá, tí ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́nà, ni àwọn agunkè máa ń ya dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn kan ń lọ sí Katampe, àwọn kan ń lọ sí Mpape níbi tí wọ́n ti fọ́ òkúta nígbà kan, àwọn mìíràn ń lọ sẹ́yìn Bwari tàbí sí àwọn òkè tó wà lápá Ushafa nítòsí adágún Usuma. Àwọn tó lówó epo lọ́wọ́ a lọ títí dé òkè Shere ní Jos. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Màmá, ṣé ẹ ní fọ́tì-tírì?" Ìdáhùn kan náà ni mo ń fún wọn: "Jókòó, bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ."

Búùtù tòkunbọ̀ ni mò ń tà nínú ọjà Wuse. Aránbàtà ni bàbá mi ní Jos, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ti tẹ̀dó síbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Lábẹ́ tábìlì rẹ̀ ni mo ti mọ awọ yàtọ̀ sí rọ́bà. Àwọn Hausa inú ọjà ń pè mí ní Hajiya mai takalmi, ìyẹn Hajiya oníbàtà, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni mò ń lọ. Mo fi wọ́n sílẹ̀; orúkọ tó bá ń mú oníbàárà wá, ta ni yóò kọ̀ ọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé gígun òkè kì í tú àṣírí bàtà tán. Nígbà tí ẹ bá ń gùn, gìgísẹ̀ nìkan ló lè fẹjọ́ sùn. Ìgbà tí ẹ bá yíjú padà, tí ẹ ń bọ̀ nílẹ̀, ni gbogbo ara yín máa ń ti ẹsẹ̀ síwájú nínú bàtà, tí ọmọ-ìka á máa gbá imú bàtà ní gbogbo ìṣísẹ̀. Èékánná tó dúdú lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ló ti wá. Nítorí náà, bàtà tí ẹ bá rà láìtíì fi sọ̀kalẹ̀ lórí nǹkan kan tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, ẹ ò tíì wọ̀ ọ́ wò rárá.

Ẹ wọn ẹsẹ̀ yín ná

Nọ́ńbà tí ẹ gbà pé ó jẹ́ tiyín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti bàtà tí ẹ fi ṣègbéyàwó. Ẹsẹ̀ àgbà ń yí padà. Ó ń gùn sí i, ó ń fẹ̀ sí i, pàápàá bí èèyàn bá ti bímọ tàbí tó sanra. Mo mọ àwọn ìyálọ́jà tó ń rọ́ ẹsẹ̀ sínú sátì-éètì láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní yunifásítì, tí wọ́n sì ń di ẹ̀bi ìyà náà ru ọjọ́ orí.

Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, nínú ooru wa yìí pàápàá. Ẹsẹ̀ àárọ̀ kọ́ lẹ máa fi bọ̀ láti orí òkè lọ́sàn-án. Ẹ tẹ́ ìwé sílẹ̀ kó kan ògiri, ẹ fi gìgísẹ̀ kan ògiri náà láìwọ nǹkan kan, kí ẹ sì dìde dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn dáadáa. Ẹ má jókòó wọ̀n ọ́n o. Ẹsẹ̀ tó ru ara gùn ju èyí tó ń sinmi lọ. Kí ẹlòmíràn bá yín fi bírò sàmì síbi tí ìka tó gùn jù dé. Ìka tó gùn jù ni mo wí, n ò wí pé àtàǹpàkò. Ìka kejì ọ̀pọ̀ èèyàn ló yọ síwájú ju àtàǹpàkò lọ, òun náà ló sì máa ń jẹ ìyà jù, torí kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rajà.

Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọn kì í sábà dọ́gba. Èyí tó tóbi ni ẹ máa ra bàtà fún. A máa ń fi ìtẹ́nú bàtà tó nípọn díẹ̀ tún ti kékeré ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè fi gé ẹsẹ̀ ńlá kù.

Ó ku ìṣirò. Ẹ fi 1.5 kún iye sẹ̀ǹtímítà tí ẹ rí, kí ẹ wá fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹsẹ̀ tó gùn tó 26.5 á di 28. 28 lọ́nà 1.5 jẹ́ 42. Nọ́ńbà Yúróòpù nìyẹn. Ó bọ́ sí i nítorí pé ìdámẹ́ta méjì sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà tiwọn, wọn kò sì ka gígùn ẹsẹ̀, gígùn igi tí wọ́n fi mọ bàtà ni wọ́n ń kà, àyè ìka sì ti wà nínú rẹ̀. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìdámẹ́ta íńṣì fò láti nọ́ńbà kan sí èkejì, nítorí náà 42 yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 8 lọ́dọ̀ wọn. Ti ọkùnrin ní Amẹ́ríkà á jẹ́ 9. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n á rí 9 lára bàtà, wọn ò ní wo orílẹ̀-èdè tó kọ ọ́. Bí ẹ bá rí CM lára ahọ́n bàtà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà gbọ́. Iye sẹ̀ǹtímítà ló wà níbẹ̀, kò ní kí ẹ máa ṣírò.

Bí ìṣirò yín bá bọ́ sáàárín nọ́ńbà méjì, ẹ mú èyí tó tóbi. Fún bàtà ọ́fíìsì, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Fún òkè, mo sọ ọ́.

Ìtẹ́nú bàtà mọ ohun tí nọ́ńbà ò mọ̀

Nọ́ńbà kò sọ nǹkan kan nípa ìbú. Àwa tá a fi ẹsẹ̀ lásán ṣeré dàgbà, iwájú ẹsẹ̀ wa sábà máa ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ búùtù tó ń bọ̀ láti Yúróòpù ni wọ́n fún níwájú. Bàtà ilé iṣẹ́ Keen sábà máa ń fẹ̀ níbi ọmọ-ìka, ti Salomon àti La Sportiva sábà máa ń há. Ẹ má tìtorí èyí pinnu, torí nínú ilé iṣẹ́ kan náà, bàtà kan lè há kí èkejì fẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń yọ ìtẹ́nú bàtà jáde, mo gbé e sílẹ̀, mo ní kí oníbàárà dúró lé e lórí, kó fi gìgísẹ̀ sí ibi kòtò gìgísẹ̀. Bí ẹran ẹsẹ̀ bá yọ jáde lọ́tùn-ún lósì, bàtà yẹn kì í ṣe tirẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ti wọ̀ ọ́ tó sì ń rẹ́rìn-ín. Níwájú, ó yẹ kí ìbú ìka ọwọ́ kan kù kí ìka tó gùn jù tó dé òpin.

Ní ti tòkunbọ̀, ìtẹ́nú yẹn tún ní iṣẹ́ kejì. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí ihò ráńpẹ́ márùn-ún níbi tí ọmọ-ìka ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Lóṣù tó kọjá, mo yọ ọ̀kan tó jẹ́ pé ihò àtàǹpàkò ti wọ eteetí pátápátá, aṣọ ibẹ̀ ti ya, fóòmù pupa abẹ́ rẹ̀ sì ti yọjú. Ẹni tó ni bàtà yẹn tẹ́lẹ̀ ti fi ìka gbá imú rẹ̀ títí ó fi jù ú nù, bàtà náà fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré sí tonítọ̀hún ni mo tà á fún. Bí ihò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, tí ìdí bàtà náà sì jẹ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, onítọ̀hún ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàtà yẹn á fẹ́ fi ìrìn rẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka ìtẹ́nú náà tán, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ ra òmíràn. Òógùn àjèjì ni gbogbo rẹ̀.

Wíwọ̀ ọ́ wò

Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa wọ̀ lọ sókè wá sọ́jà. Ẹni tó fi ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ọ́fíìsì wọ búùtù wò, búùtù mìíràn ló máa bá nílé. Ìbọ̀sẹ̀ òwú funfun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wọ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí: òwú máa ń mu òógùn, kì í tètè gbẹ, ara tó tutù tó sì ń ra nǹkan ló ń lé ròrò. Irun àgùntàn ló dára jù, tàbí ọ̀rá tí wọ́n hun fún eré ìdárayá. Ìpele kan ṣoṣo ni kí ẹ wọ̀. Wíwọ ìbọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta nítorí kí bàtà tó tóbi lè há, owó tí ẹ ò fẹ́ san lónìí lẹ ń sún síwájú.

Kí ẹ tó di okùn, ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú títí ọmọ-ìka á fi kan imú bàtà. Ẹ wá fi ìka ọwọ́ sẹ́yìn, láàárín gìgísẹ̀ àti ògiri bàtà. Bí ìka kan bá wọlé tó há díẹ̀, ó dára. Bí méjì bá wọlé, ó tóbi. Bí kò bá sí èyí tó wọlé, ẹ bọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò kankan sọ fún yín pé awọ á ná. Awọ ń ná lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ná síwájú. Imú búùtù le, rọ́bà wà lórí rẹ̀.

Ẹ wá kan gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè jókòó sẹ́yìn, kí ẹ sì di okùn láti ìsàlẹ̀ wá. Ibi tó ń dé kókósẹ̀, níbi tí àwọn ìkọ́ irin ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ́ okùn méjèèjì mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé e kọjá. Lílọ́ yẹn á di ìsàlẹ̀ mú, kò ní jẹ́ kó tú, okùn òkè náà kò sì ní máa fún ti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ máa fún dáadáa, ẹ ó jẹ́ kí ti orí ọmọ-ìka dẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà yìí ti gba ọ̀pọ̀ búùtù lọ́wọ́ ìdájọ́ tí kò tọ́ sí wọn.

Ẹ rìn káàkiri. Ṣé gìgísẹ̀ ń gbéra? Bó bá gbéra tín-ín-tín nínú bàtà tó ṣì le, ó lè sinmi bí ìdí bàtà bá ti ń rọ̀. Bó bá ń gbéra débi pé ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń ra awọ ẹ̀yìn, ìléròrò ń bọ̀, kò sí àdúrà tó lè dá a dúró.

Ẹ̀yìn èyí ló kan pákó mi. Pákó gbọọrọ kan ni, mo fi bíríkì gbé orí rẹ̀ kan sókè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń ta àpò nítòsí mi a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitérìà wá láìpẹ́, ó mú búùtù aláwọ̀ ilẹ̀, ó ti di okùn tán.

"Màmá, ó bá mi mu rẹ́gí. Ẹ jẹ́ n sanwó."

"Gorí pákó."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo gbé ọkọ̀ sójú ọ̀nà, wọ́n á fà á lọ."

"Ọkọ̀ rẹ kọ́ ló fẹ́ gun Mpape. Gorí pákó, kọjú sísàlẹ̀, kí o tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí o ṣe ń bọ̀."

Ó rìn ín dé àárín, ó dúró, ó di ojú.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ìka kejì, ma. Tọ̀tún."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo tú okùn, mo tún un lọ́ níbi kókósẹ̀, mo fún un. Ó tún gorí pákó. Ó ní ó dínkù ṣùgbọ́n ó ṣì ń kàn. Bó bá jẹ́ pé lílọ́ okùn ló yanjú rẹ̀ ni, ǹ bá gba owó rẹ̀. Mo mú nọ́ńbà tó fi ìdajì jù ú lọ wá, ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìdi ojú. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é: kí ẹ kọ́kọ́ fi okùn wò ó, bí okùn ò bá yanjú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ bàtà. Níbi tí kò bá sí pákó, ẹ wá àtẹ̀gùn, tàbí ibi gẹ̀ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn gbà ní àwọn ilé ìtajà ńlá. Oníṣòwò tó bá kọ̀ fún yín láti rìn, ẹ mọ ìdí tó fi kọ̀.

Ìdí bàtà, níbi tí tòkunbọ̀ ti ń pani

Ọ̀rọ̀ ibí yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ fún ẹni tó ń ra àlòkù, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Láàárín awọ òkè àti rọ́bà ìsàlẹ̀ búùtù, fóòmù kan wà tó ń gba ìnira mọ́ra. Nínú ọ̀pọ̀ búùtù òkè, polyurethane ni fóòmù náà. Ó lágbára, ó sì ń pẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti ọdún. Omi inú afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń tú u ká láti inú, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ wọ bàtà náà rí. Búùtù tó ti jókòó nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún lókè òkun, tó wá tún wà nínú ọkọ̀ ojú omi, tó tún dé ibùdó Kọ̀tọ̀nú, lè máa dán gbinrin lójú, kí fóòmù rẹ̀ ti jẹrà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e gun òkè ni ìdí rẹ̀ á fọ́ bí kúlíkúlì, rọ́bà ìsàlẹ̀ á já sílẹ̀, ẹ ó sì máa fi aṣọ ìnujú so bàtà bọ̀ nílé.

Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí. Mo ń fi èékánná àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ fóòmù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lókè rọ́bà díẹ̀. Fóòmù tó ṣì yè á wọlé, á sì padà jáde. Èyí tó ti kú á gba èékánná, kò ní padà, tàbí kí èérún rẹ̀ bọ́ sí yín lọ́wọ́. Mo ń wo ìlà tín-tìn-tín tí ó ń ṣí bí mo bá tẹ bàtà po. Mo ń fọwọ́ pa á: bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mo sì ń ṣọ́ èyí tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ yí ká. Gọ́ọ̀mù tuntun tó ń dán lára búùtù àtijọ́ túmọ̀ sí pé ó ti ṣí rí, ẹnì kan ló sì fẹ́ kí ẹ má mọ̀. Aránbàtà tó mọṣẹ́ lè fi ìdí tuntun sí i tí awọ òkè bá dára. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tó máa gbà kí ẹ tó san owó bàtà.

Lẹ́yìn náà, ẹ di imú mú lọ́wọ́ kan, gìgísẹ̀ lọ́wọ́ kejì, kí ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Kí ó yí díẹ̀, kó sì kọ̀. Èyí tó yí pátá kò ní gbé yín lórí òkúta. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ po: níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, nídìí ọmọ-ìka, ni kó ti tẹ̀. Bó bá tẹ̀ láàárín, níbi ihò àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ dá a padà.

Ní ti eyín ìsàlẹ̀, àpáta Àbújá le, ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn gbígbẹ ló ń wà lórí rẹ̀ lásìkò ọyẹ́, àwọn ló ń yọni ṣubú. Eyín tó jin gan-an wà fún ẹrẹ̀. Fún tiwa, èyí tó mọ níwọ̀n, tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ló ń di àpáta mú. Orúkọ Vibram, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rọ́bà ìdí bàtà, nínú àmì aláwọ̀ ìyeyè lábẹ́ bàtà jẹ́ ohun tó dára, àmọ́ rọ́bà tó ti gbó á le, orúkọ yòówù kó wà lára rẹ̀. Ẹ fi èékánná há a. Bí kò bá wọlé rárá, tó ń dún kakaka lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ ó yọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ búùtù sáìtì lọ sókè. Mo mọ̀ pé ó wà nílé, mo mọ̀ pé ó le. Irin wà ní imú rẹ̀. Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, irin yẹn ni ọmọ-ìka yín á máa lọ bá.

Gíga, àti omi

Fún òkè tí ẹ ń gùn lọ, tí ẹ ń bọ̀ kí oòrùn tó mú, bàtà kúkurú tí kò bo kókósẹ̀ ti tó. Ó fúyẹ́, ó ń gba afẹ́fẹ́. Ẹ fi èyí tó ga sílẹ̀ fún ìrìn tó gba ẹrù lẹ́yìn àti ọjọ́ mélòó kan, bíi ti Chappal Waddi ní Taraba, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, mítà 2,419. Níbẹ̀, ẹrù ń ti kókósẹ̀, awọ tó ga sì ń ràn án lọ́wọ́.

Gore-Tex ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń béèrè rẹ̀. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ ni, kì í jẹ́ kí omi wọlé, ó sì ń jẹ́ kí òógùn jáde díẹ̀. Díẹ̀ yẹn kò tó nínú ooru oṣù kẹta l'Ábújá. Tí omi bá sì ti gba òkè ọrùn bàtà wọlé, kò ní tètè jáde. Èrò tèmi ni pé kí ẹ ra èyí tí aṣọ alájọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyàfi bí ẹ bá ń lọ sí Mambilla lásìkò òjò.

Búùtù yìnyín tó ń ṣìnà wọ ọjà

Nígbà mìíràn, nínú ẹrù tó bá dé, ẹ ó rí bàtà kan tó rẹwà, tó fúyẹ́, tí irin róbótó kan wà ní ìdábùú lábẹ́ imú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe ti òkè. Ti àwọn tó ń so pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín ni, irú eré tí Samuel Ikpefan fi ṣojú Nàìjíríà ní Beijing lọ́dún 2022. Irin yẹn ni wọ́n fi ń so imú bàtà mọ́ pákó, gìgísẹ̀ á máa gbéra fàlàlà. Lórí àpáta, irin náà ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ẹ ó sì yọ̀.

Àmọ́ bí ọmọ yín bá ń lọ kàwé ní Norway tàbí Finland, tó bá fẹ́ kọ́ eré náà, ẹ bá mi tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí fún un. Òfin kan náà ló wà ńbẹ̀: kí ọmọ-ìka lè mì, kí gìgísẹ̀ jókòó. Ó tilẹ̀ le níbẹ̀ jù, nítorí gbogbo ìṣísẹ̀ ni gìgísẹ̀ ń gbé bàtà sókè; bó bá dẹ̀, á bó. Bí imú bá sì há, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọmọ-ìka, òtútù á mú un, ìbọ̀sẹ̀ méjì á tún wá bà á jẹ́ sí i. Kó tẹ̀ ẹ́ po wò: ibi tí bàtà ti tẹ̀ àti ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan, kí awọ má fún ìka pọ̀. Bàtà tó rọ̀ níbi kókósẹ̀ wà fún ìrìn ojú ìlà. Èyí tó ní ọrùn líle wà fún àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ gbá yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó sì wo irú ohun tó ń di bàtà mú lórí pákó tó fẹ́ lò kó tó ra bàtà, torí ti NNN kì í wọ ti SNS, ti àtijọ́ tó ní ihò mẹ́ta ní imú kò sì wọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Àwọn tó kù

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi búùtù ọkùnrin kékeré tàn yín bí gìgísẹ̀ yín bá tẹ́ẹ́rẹ́. Ti obìnrin sábà máa ń fún lẹ́yìn. Bí iwájú ẹsẹ̀ yín bá sì fẹ̀, ti ọkùnrin lè bá yín mu jù, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọmọdé: ẹ má ra èyí tí "yóò dàgbà bá." Yóò kọ́kọ́ ṣubú.

Ẹni tí egungun yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, kó wá awọ tí kò ní rírán níbẹ̀. Awọ rírọ̀ ṣeé fi igi nà níbi kan ṣoṣo, mo ń ṣe é, ó ń gba òru kan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ wọ̀ ọ́ nínú ilé ná, lórí táìlì, nígbà tí ẹ bá ń se oúnjẹ tàbí ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kí ẹ tó gbé e lọ sókè, ẹ wọ̀ ọ́ lọ ra nǹkan ní òpópónà. Ẹ gé èékánná yín ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe lówurọ̀ ọjọ́ náà, torí eteetí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń gún. Bí bàtà bá tutù, ẹ fa ìtẹ́nú rẹ̀ jáde, ẹ fi ìwé ìròyìn kún inú rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibòji. Ẹ má sá a sórí páànù, ẹ má gbé e síwájú jẹnẹrétọ̀; ooru ń tú gọ́ọ̀mù, ó sì ń mú awọ gbẹ débi pé á là.

Bí ẹ bá rí i nílé pé kò bá yín mu, ẹ gbé e padà wá fún mi, a ó pààrọ̀ rẹ̀, bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ṣì mọ́. Bí mo bá rí erùpẹ̀ pupa Mpape láàárín eyín rẹ̀, tiyín ni.